Owó Ìwádìí Ọ́tísìmù: Ọwọ́ Ta Ni Ó Yẹ Kó Dé?

Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ kì í ṣe owó ọjà, kì í sì í ṣe owó ilé ìwé ọmọ. Owó tí wọ́n fi ń tọ́ ọ̀dọ́ onímọ̀ dàgbà ni, pàápàá àwọn tó fẹ́ máa wádìí ohun tí wọ́n ń pè ní ọ́tísìmù.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ ná. Ọ́tísìmù kì í ràn bí ikọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe wèrè. Bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà ló yàtọ̀, láti kékeré ló sì ti ń hàn. Ọmọ lè pé ọdún mẹ́ta kó má tíì pe ìyá rẹ̀. Òmíràn lè sọ̀rọ̀ ketekete, ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé ohun tí ẹ bi í gan-an ni yóò máa tún sọ padà fún yín. Òmíràn á kó agolo mílíìkì jọ, á tò wọ́n sí ìlà láti àárọ̀ di alẹ́; ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ti dáràn. Òmíràn kò lè gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìlọta kọjá láìfi ọwọ́ di etí. Àwọn kan wà nínú wọn tó kàwé dé yunifásítì, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń bọ́ ara wọn. Ohun tó nira fún wọn ni láti mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn bí onítọ̀hún kò bá là á mọ́lẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú nǹkan bí ènìyàn 127 láyé, ẹnì kan ní in. Àjẹ́ kọ́ ló fà á. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́. Kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá ọmọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àna kan fẹ́ràn láti máa sọ bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa rẹ̀ ló bí ìṣòro tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ní 1943, Dókítà Leo Kanner, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú Baltimore lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kọ ìtàn ọmọ 11. Òyìnbó tí baba ńlá wọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ni mẹ́sàn-án, Júù ni méjì tó kù. Kanner sì ṣàkíyèsí pé àwọn òbí wọn kàwé gan-an. Kò yani lẹ́nu, nítorí àwọn tó lówó tó lẹ́sẹ̀ láti gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ irú dókítà yẹn ló lè rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa rìn jìnnà, ó ti di pé àwọn òyìnbó tó kàwé ló ni ín.

Nígbà tó yá, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Victor Lotter wá sí Áfíríkà. Ó dé ìlú mẹ́sàn-án ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Nàìjíríà wà nínú wọn, ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1978. Nínú ọmọ tó ju ẹgbẹ̀rún lọ, àwọn tó gbà pé wọ́n ní ọ́tísìmù kò pé mẹ́wàá. Ilé ìtọ́jú àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí òye wọn kò tó ti ẹgbẹ́ wọn ló ti lọ wò. Ọmọ tí wọ́n gbé lọ sí orí òkè àdúrà ńkọ́? Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní abà kòkó ńkọ́? Lotter ò lè rí ìwọ̀nyẹn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé àjèjì lójú, kò fi ríran.

Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, bí ojú ṣe fo àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2002, David Mandell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iye kan jáde láti Philadelphia, nípa àwọn ọmọ tí ìjọba ń sanwó ìtọ́jú fún: ọmọ aláwọ̀ funfun ń gbọ́ orúkọ ohun tó ń ṣe é nígbà tó bá tó bí ọdún mẹ́fà lé díẹ̀, aláwọ̀ dúdú sì di bí ọdún mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n wá tẹra mọ́ wíwá wọn, ìwọ̀n yí. Àbọ̀ tí iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àrùn, CDC, gbé jáde ní 2023 fi hàn, fún ìgbà àkọ́kọ́, pé àwọn ọmọ dúdú tí wọ́n rí pọ̀ ju àwọn funfun lọ ní ìwọ̀n. Ara àwọn ọmọ kò yí padà láàárín ogún ọdún. Ojú tó ń wò wọ́n ló pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n mú un wá sílé. Ọ̀kan nínú ohun tí àwọn tó ń yẹ ọmọ wò máa ń ṣe ni pé wọ́n á pe ọmọ ní orúkọ nígbà tó ń ṣeré, wọ́n á wò ó bóyá yóò yíjú. Orúkọ wo? Bàbá ń pè é ní Olúwáṣeun. Ìyá ń pè é ní Ayọ̀ mi. Ìyá àgbà rẹ̀ ní Òkè-Àró ní Àkúrẹ́ kì í pè é ní nǹkan mìíràn ju Àjàní lọ, oríkì ló fi tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n David ló wà lórí káàdì ilé ìwòsàn, David sì ni nọ́ọ̀sì ń pè lẹ́ẹ̀mẹta tí ọmọ kò dáhùn. Ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò dáhùn sí orúkọ?

Wọ́n tún máa ń wò ó bóyá ọmọ ń wo ojú ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ yìí á yára sọ pé àwa ò kọ́ ọmọ láti máa wo ojú àgbà. Òótọ́ ni, àmọ́ ọmọ ọdún kan àbọ̀ kò tíì mọ ọ̀wọ̀, ó yẹ kó wo ojú ìyá rẹ̀ kó rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún méje ni ẹ̀kọ́ ilé ti wọ̀ lára. Ọjọ́ orí wo ni ààlà wà láàárín àwọn méjèèjì lọ́dọ̀ tiwa? Ìwé òyìnbó kankan kò lè sọ ọ́ fún wa. Ẹnì kan ní láti jókòó ti àwọn ọmọ ní Àkúrẹ́ níhìn-ín kó kà á.

Irinṣẹ́ kan wà tí ayé gbẹ́kẹ̀ lé jù fún iṣẹ́ yìí, ADOS ni wọ́n ń pè é. Nínú apá tó wà fún àwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí fún bèbí: kéèkì, àbẹ́là, kí ọmọ bá bèbí fẹ́ iná àbẹ́là. Ọmọ Ìjàpò Estate lè mọ̀ ọ́n dunjú. Ọmọ tó wá láti oko ẹ̀yìn Bólórundúró, tí kò rí àbẹ́là rí bí kò ṣe ìgbà tí iná bá lọ, kí ni yóò ṣe? Tí ẹ bá wá dé Oǹdó, ẹ ó rí i pé ọmọ ń gbọ́ ẹ̀ka èdè Oǹdó lẹ́nu ìyá rẹ̀, ó ń gbọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò lórí rédíò, ó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu olùkọ́. Nígbà tí òbí bá ní ọmọ òun kò sọ̀rọ̀, èdè wo ni a óò fi wò ó?

Ọmọ onílùú ló ń rí irú nǹkan báyìí láìwá a. Kì í ṣe pé onímọ̀ tó wá láti òkèèrè kò gbọ́n; ohun tí kò hàn sí i ni kò ní béèrè. Ìdí nìyẹn tí àwọn àjọ kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya owó sọ́tọ̀ kí oríṣiríṣi ènìyàn lè wọ inú ìwádìí ọpọlọ àti ọ́tísìmù láti ìgbà èwe wọn nínú iṣẹ́ náà. Simons Foundation ní New York ní ètò kan tó ń jẹ́ SURFiN, tó ń san owó fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gba oyè àkọ́kọ́ kó lè ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí. Ẹ lè ní kí ló dé tí wọ́n fi ń sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ò le: bí iṣẹ́ ìwádìí bá jẹ́ ọ̀fẹ́, ọmọ ẹni tó lówó nìkan ni yóò lè ṣe é. Ọmọ tálákà á lọ wá ibi tó ti máa rówó jẹun, iṣẹ́ ìwádìí á sì pàdánù rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ètò mìíràn wà tí àwọn Harvard àti Broad Institute gbé kalẹ̀, GINGER ni orúkọ rẹ̀, tó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ní Etiópíà, Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Gúúsù Áfíríkà ní ìmọ̀ àbùdá àìsàn ọpọlọ. Ẹ gbọ́ àwọn orílẹ̀-èdè náà dáadáa. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀.

Kì í ṣe pé a kò lẹ́ni o. Dókítà Muideen Bakare, nígbà tó wà ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Enúgù, ṣe ìwé ìbéèrè kan ní 2008 láti fi mọ bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe mọ ọ́tísìmù tó. Ìbéèrè 19 ló wà nínú rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ló kọ ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, àwọn onímọ̀ mìíràn sì ti lò ó káàkiri láti ìgbà náà. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn òṣìṣẹ́ ìlera léèrè, wọ́n rí àwọn kan nínú wọn, tí wọ́n wọ aṣọ funfun o, tí wọ́n gbà pé ọwọ́ ẹ̀mí àìrí ló fà á. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìkẹ́olúwa Lágúnjú, Dókítà Tolúlọpẹ́ Bella-Awùsà àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyínká Ọmígbódùn yẹ ìwé àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn UCH wò. Nínú ọmọ 2,320, wọ́n rí 54 tó ní ọ́tísìmù. 2014 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn ọmọ 54 yẹn ti wà nílé òbí wọn tipẹ́; ìgbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n wò jókòó sí ilé ìwòsàn kan ni ohun tó ń ṣe wọ́n tó ní orúkọ.

Ọmígbódùn yìí kan náà ló ṣíwájú nínú dídá ibùdó ìlera ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Owó MacArthur Foundation ti Chicago ló ran ètò oyè máṣítà ibẹ̀ lọ́wọ́ tó fi gbéra, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wá síbẹ̀ láti Gánà, Sàró àti ibòmíràn, yàtọ̀ sí àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ẹ ò rí i pé owó náà kò lọ sórí ilé gogoro. Orí ènìyàn ló lọ. Ẹni tí wọ́n kọ́ á padà sí ìlú rẹ̀, á kọ́ ẹlòmíràn.

Nígbà tí Lauren Franz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣa gbogbo ìwádìí ọ́tísìmù ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní ìsàlẹ̀ Sàhárà jọ ní 2017, gbogbo rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní àádọ́ta. Gúúsù Áfíríkà àti Nàìjíríà ló ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Tí ẹ bá wá tú ti Nàìjíríà wò, ẹ ó rí i pé Ìbàdàn, Èkó, Enúgù ni orúkọ tó ń padà wá. Èyí kọ mí lóminú. Oríṣiríṣi tí à ń wí kì í ṣe ti dúdú àti funfun nìkan. Ọmọ Èkó àti ọmọ Ìgbàrà-Òkè kì í gbé ayé kan náà, bí àwọ̀ wọn tilẹ̀ jọra. Àjọ CARTA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2008 láti máa ran àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ yunifásítì Áfíríkà lọ́wọ́ kí wọ́n lè gba oyè ọ̀mọ̀wé, Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ni àwọn yunifásítì tó mú ní Nàìjíríà. Kò burú, àmọ́ ibi tí omi bá ti wà náà ni wọ́n ń gbẹ́ kànga sí.

Kí wá ni ọ̀dọ́ onímọ̀ kan ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó nílò? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń ṣírò ọjà. Àpótí irinṣẹ́ ADOS tí mo dárúkọ yẹn ju 2,000 dọ́là lọ, ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó sì tún ní owó tirẹ̀. Owó oṣù olùkọ́ kékeré ní yunifásítì, kódà kó má jẹ, kó má mu, ọ̀pọ̀ oṣù ni yóò fi tò ó jọ. Ìyá tó bá gbé ọmọ wá láti Ìdànrè gbọ́dọ̀ gba owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ, nítorí ọjọ́ ọjà ni ó fi sílẹ̀. Ẹni tí yóò tú ìbéèrè sí èdè Oǹdó, tí ẹlòmíràn yóò tún tú u padà kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìtumọ̀ rẹ̀ kò yí, owó. Ẹni tí yóò ṣírò èsì, owó. Èyí tó wọ́n jù ni àyè. Dókítà tó ń ṣe àṣemọ́jú, olùkọ́ tó ń kọ́ kíláàsì márùn-ún, ìgbà wo ni yóò jókòó ti ọmọ kan fún wákàtí méjì? Owó ìwádìí tó dára máa ń san owó oṣù ẹni tí yóò dí àlàfo rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá sí èyí, onítọ̀hún á wo ọ̀tún, á wo òsì, á sì jáwọ́. Kò sẹ́ni tó máa bá a wí.

Nípa owó òkè òkun, ẹ má fọkàn lé e jù. Ní oṣù Karùn-ún 2025, iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, NIH, kéde pé òun kò ní í jẹ́ kí àwọn yunifásítì tí òun ń fún lówó máa pín in fún àwọn alábàáṣiṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fagi lé ọ̀pọ̀ owó tí wọ́n ti là sílẹ̀ kí àwọn tí irú wọn kò pọ̀ nínú ìwádìí lè ráyè wọlé. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ní Áfíríkà ló dúró lójijì. Ìjọba tó ni owó rẹ̀ lè ṣe é bó bá ṣe wù ú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹ jẹ́ ká wo àpò tiwa.

TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún ilé ẹ̀kọ́ gíga lówó, nìyẹn. Owó orí tí wọ́n ń gbà lórí èrè àwọn ilé iṣẹ́ ló gbé e ró. Owó ìwádìí orílẹ̀-èdè tó ń pín jẹ́ bílíọ̀nù 7.5 náírà ní 2020, ó di bílíọ̀nù 8.5 ní 2021. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ni ó wà fún, ìjọba ló sì ni FUTA ní Àkúrẹ́, ìjọba ló ni Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn, UNIMED, ní Oǹdó, ìjọba àpapọ̀ ló ni Adéyẹmí tí wọ́n ti sọ di yunifásítì ẹ̀kọ́. Ilẹ̀kùn náà kò tì. Ohun tí mo rí sí i ni pé ẹni tó ti lórúkọ, tó ti ní ìwé púpọ̀ níta, ni irú ìdíje bẹ́ẹ̀ máa ń gbè. Bí TETFund bá lè ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí wọ́n gba oyè ọ̀mọ̀wé, kí ó sì sọ pé ẹgbẹ́ tó bá kó dókítà, olùkọ́ àti òbí ọmọ pọ̀ ni yóò gba máàkì jù, ìrísí iṣẹ́ náà á yí padà láàárín ọdún díẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó pàápàá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ná owó lórí ọmọdé. Ètò Abíyè bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ́rẹ̀ ní 2009, nígbà Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò. Wọ́n ṣí Mother and Child Hospital ní Àkúrẹ́ ní 2010, àwọn aboyún sì ń bímọ níbẹ̀ láìsan owó nígbà náà. Gómìnà yẹn kan náà ló dá UNIMED sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2015, yunifásítì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó jẹ́ pé ìmọ̀ ìṣègùn nìkan ló dojú kọ. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀ wà ní Àkúrẹ́, ó sì wà ní Oǹdó. Ẹ wo àǹfààní tó wà níbẹ̀: àwọn ọmọ tí wọ́n bí nínú ètò tó ní àkọsílẹ̀, ilé ìwòsàn tó lè máa wo bí wọ́n ṣe ń dàgbà, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ kan náà. Ibi púpọ̀ ní Áfíríkà kò ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹni tí yóò so wọ́n pọ̀ ni kò tíì rí owó.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa àwọn tó ní ọ́tísìmù fúnra wọn, nítorí a máa ń gbàgbé wọn nígbà tí a bá ń sọ ẹni tó lè ṣe ìwádìí. Jason Arday, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Gánà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kò sọ̀rọ̀ títí ó fi pé ọdún 11. Ọdún 18 ló tó mọ̀ ọ́n kà, tó mọ̀ ọ́n kọ. Ní 2023 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Cambridge. N kò sọ pé gbogbo ọmọ ni yóò dà bẹ́ẹ̀, irọ́ ni ẹni tó bá ṣèlérí bẹ́ẹ̀ ń pa. Mo ń sọ pé tí owó ìwádìí bá dé, kí á má fi irú wọn sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kó má jẹ́ pé àwa ni a ó máa ka ìwà wọn sílẹ̀ bí ẹni ń ka ẹran ọ̀sìn.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá pé oṣù 16 tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan, tàbí tó pé ọdún méjì tí kò tíì fi ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ bá ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí ẹ tó gbé e lọ síbòmíràn. Bí wọ́n bá ní ẹ jẹ́ kí ọmọ yín wà nínú ìwádìí, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ẹ béèrè bóyá ẹ ó gbọ́ àbọ̀ rẹ̀, bí ìdáhùn bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbà.

Ẹ̀yin olórí yunifásítì àti ẹ̀yin aṣòfin wa ní Àlágbàká, lọ́dọọdún ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ni ayé ń ṣe ọjọ́ ọ́tísìmù. Kí ọjọ́ náà tó tún dé, ẹ dárúkọ ọ̀dọ́ onímọ̀ mẹ́ta péré ní ìpínlẹ̀ yìí, dókítà kan, nọ́ọ̀sì kan, olùkọ́ kan, kí ẹ sì kọ owó oyè ọ̀mọ̀wé wọn sínú ìsúná. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó gbọ́ èdè Oǹdó.